Ọjọ́ Tí Mo Sanwó Wo Igi

Mi ò rí ìdí tí ẹni tí orí rẹ̀ pé fi máa wọ ọkọ̀ láti Òṣogbo dé ẹ̀yìn Iléṣà, kó tún yọwó lápò, kó lè wo igi. Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn ní Old Garage kí a tó wọ mọ́tò, níbi tí àwọn tó ń pe èrò ti ń fà wá lápá lọ́tùn-ún lósì. Igi! Igi wà lẹ́yìn ilé wa ní Òkè-Baálẹ̀. Igi wà lójú títì. Ní Òṣogbo kan náà, a ní igbó Ọ̀ṣun tí àwọn òyìnbó ń wọ bàálù wá wò, èmi tí wọ́n bí sí Òṣogbo ò sì dé inú igbó náà rí.

Ó rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́ nìyẹn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń bá wọn tajà nínú kẹ́mísì kan nítòsí àdúgbò wa.

"Àlááji," ó ní. Bó ṣe ń pè mí nìyẹn bó bá fẹ́ fi mí ṣeré, èmi tí mi ò tíì rí ọ̀nà Mẹ́kà lójú àlá. "Ẹ̀yin ará Òṣogbo, bí kò bá ti sí ariwo, ẹ ò mọ̀ pé ẹ jáde nílé."

"Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà ńkọ́, tí ẹ ń pe ilé ní ulé?"

"Ulé náà lo ń bọ̀ wá tọrọ ìyàwó."

A ti jókòó sínú mọ́tò nígbà yẹn, awakọ̀ wa sì rẹ́rìn-ín sí mi nínú dígí. Mo yọ fóònù mi.

Kí a tó jáde ní Òṣogbo dáadáa ló ti ṣàlàyé ohun tí a fẹ́ lọ ṣe fún mi, nítorí ìrìn àjò náà kì í ṣe afẹ́ lásán. Ní ìdílé wọn, bí wọ́n bá bí ọmọ, wọ́n á ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á sì gbin igi obì síbẹ̀. Igi ọmọ náà nìyẹn títí ayé. Mi ò lè sọ pé mi ò mọ ohun tó ń sọ. Ilé tiwa náà ń ṣe é. Ìdí ọ̀pẹ kan ni wọ́n rì tèmi sí, kí àbúrò bàbá mi tó gé ọ̀pẹ náà, tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀.

Tiwọn le ju tiwa lọ. Bí ọkùnrin bá fẹ́ wá kí bàbá ọmọbìnrin wọn fún ìgbà àkọ́kọ́, ọmọbìnrin náà á kọ́kọ́ mú un lọ síbi igi rẹ̀. Ọkùnrin náà á fi ọwọ́ ara rẹ̀ tu koríko abẹ́ igi náà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jọ lọ sọ́dọ̀ bàbá, bàbá á sì bi ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé ó rí i? Bí ọmọ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá dáhùn, wọ́n á fún àlejò lómi mu, wọ́n á sì sìn ín dé títì. Bàbá rẹ̀ ń retí wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Bí mi ò bá wá tu koríko ńkọ́?" ni mo bi í.

"Wàá mu omi."

Ó tún sọ ohun kan tí mo yẹ kí n fi etí méjèèjì gbọ́. Igi tirẹ̀ kò tíì so rí. Àwọn tí wọ́n jọ bí wọn lọ́dún kan náà, igi tiwọn ti ń so láti ìgbà tí wọ́n wà nílé ẹ̀kọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin máa ń lọ wò ó lọ́dọọdún. Bó bá ti ń bọ̀ níbẹ̀, á máa mi orí, á ní kí gbogbo ilé máa gbàdúrà fún ọmọ yìí.

"Mi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa lọ wò ó," ó ní, ó sì kọjú sí fèrèsé.

Mo ní, "Mm." Mò ń wo bọ́ọ̀lù lórí fóònù mi.

Ohun tó wá bí mi nínú, kí a tó débẹ̀ rárá, ni pé àwọn igi obì náà ti bọ́ sínú ọgbà ọlọ́gbà. Bàbá olówó kan tó ti pẹ́ lókè òkun ló ra oko wọn àti oko àwọn mìíràn, ó gbin oríṣiríṣi igi sí i, ó ṣọgbà yí i ká, ó ní kí àwọn ènìyàn máa wá sinmi níbẹ̀. Àdéhùn tí àwọn ìdílé bá a ṣe ni pé kò gbọdọ̀ gé igi obì kankan, àwọn ọmọ wọn á sì máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi kì í ṣe ọmọ wọn. Èmi máa sanwó.

Iwaraja la ti bọ́ sílẹ̀, a gun ọ̀kadà wọ ọ̀nà eléruku kan. Ọlọ́kadà bi wá bóyá ibi igi yẹn là ń lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo bàtà mi. Bàtà funfun ni mo wọ̀, tuntun, pẹ̀lú ṣòkòtò tí mo tìtorí bàbá rẹ̀ rán.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ló wí, bí ìgbà tó ń kí ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ ò yá.

Lẹ́nu géètì, wọ́n gbé pátákó kan dúró. Má ṣe já ewé. Má ṣe pariwo. Má ṣe dáná. Má ṣe tan orin. Má ṣe gun igi. Ọkùnrin kan jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ó fi èdè Ìjẹ̀ṣà kí ọmọbìnrin náà, ó bèèrè àlàáfíà bàbá rẹ̀, ó ní kó máa wọlé. Nígbà tó kàn mí, ó tẹ́wọ́.

Mo sanwó tán, mo bi í pé, "Kí wá ni kí èèyàn máa ṣe nínú lọ́hùn-ún?"

"Ẹ máa rìn."

"Lọ síbo?"

"Ẹ ṣáà máa rìn."

Iṣẹ́ táìlì ni mò ń ṣe. Mi ò kàwé púpọ̀. Nígbà tí mo rí i pé ìwé ò fẹ́ràn mi, mo lọ kọ́ṣẹ́, mi ò sì kábàámọ̀ ìyẹn. Ohun tí mo kọ́kọ́ wò dáadáa nínú gbogbo ọgbà náà ni ilé ìtọ̀ wọn. Ẹni tó lẹ táìlì ibẹ̀ kò ta okùn tí a fi ń mú kó tò tààrà rárá. Àlàfo kan fẹ̀, èkejì há, igun ògiri sì wọ́ bí ẹnu ọmọdé tó fẹ́ sunkún. Mo pe ọmọbìnrin náà pé kó wá wò ó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Nínú gbogbo ohun tó wà níbí, ilé ìtọ̀ lo rí?"

"Òun nìkan ni èèyàn fọwọ́ ṣe. Ìyókù kàn hù ni."

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó di ògiri mú. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti mọ bí mo ṣe máa lo ọjọ́ náà nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tí mi ò rí wí sí. Wọ́n kan pátákó kékeré mọ́ igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ orúkọ tí ahọ́n ò lè gbé sí i. Ìrókò tí ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ tó gùn ju oríkì ọba lọ. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe ìjókòó, wọ́n fín in kó lè jọ ìtì igi, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ igi. Nínú igbó! Níbi tí igi wà tí kò lóǹkà! Mo fi ìka kàn án, mo ní ẹni tó gba iṣẹ́ yìí ti jẹun, kí Ọlọ́run fún èmi náà ní oníbàárà bẹ́ẹ̀.

Àwọn àlejò ibẹ̀ ló tún burú jù. Àwọn obìnrin mẹ́ta kan gbé aṣọ wá nínú báàgì, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn igi, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n tún ń pààrọ̀. Wọn ò wo igi kankan. Bàbá kan tó wọ ṣòkòtò péńpé, tó yẹ kó ti máa gbọ́ ẹjọ́ nílé, dì mọ́ ìrókò kan, ó dijú. Mo dúró. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìrókò náà máa dì mọ́ ọn padà.

"Má wò wọ́n bẹ́ẹ̀," ọmọbìnrin náà ní, ó gbá mi lápá.

"Bóyá ìyàwó wọn ti lé wọn jáde."

"Ẹnu ẹ á pa ọ́."

Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń tàn mí jẹ nìyẹn, ẹ̀rín rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn wọ àtàrí, a jókòó sábẹ́ ọ̀gánwó kan, ó gbé kúlà tó rù wá láti Òṣogbo sílẹ̀. Ìrẹsì ni, pẹ̀lú ẹja díndín. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, ó tẹ́ ìbòrí rẹ̀ sílẹ̀, ó dùbúlẹ̀ lé e, ó ń wo òkè. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Nínú kẹ́mísì, ìdúró ni ó máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí àwọn oníbàárà ń sọ àìsàn wọn fún un.

"Gbọ́," ó ní.

"Kí ni?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Mo wá láti Òṣogbo wá gbọ́ pé kò sí nǹkan kan?"

"Àlááji, sinmi."

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi. Nílé wa, ẹni tó bá jókòó láìṣe nǹkan, wọ́n á bi í bóyá ara rẹ̀ ò yá. Mo gbé fóònù sókè, nẹ́tíwọ̀kì ò sí. Mo dìde, mo tún jókòó. Ká sọ òtítọ́, atẹ́gùn ibẹ̀ dára. Ó gba inú ewé kọjá wá sí ọrùn mi, ó sì dà bíi pé ẹnì kan ti bomi tútù sí i. Ọmọbìnrin náà bi mí pé ṣé ó dùn mọ́ mi. Mo ní fáànù ilé wa ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí iná bá wà.

Nígbà tí oòrùn yẹ àtàrí, ó gbọn ìbòrí rẹ̀, ó ní ká lọ síbi igi rẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni àwọn igi obì wà, lẹ́bàá odò kékeré kan. Àwọn ọmọléèwé kan, ọkùnrin àti obìnrin, ti gba ojú ọ̀nà náà, wọ́n ń jẹ bísíkíìtì, wọ́n ń ti ara wọn. Wọ́n ti gbọ́ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ bọ̀, wọ́n sì ti ń rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tí a kọjá, wọ́n tẹ̀ lé wa. Mo rò pé wọ́n fẹ́ gbọ́ sí i. Mo gbóhùn sókè díẹ̀.

Kò sí pátákó lára àwọn igi obì. Ó ń fọwọ́ kàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọjá: ti bàbá rẹ̀ rèé, ó ti gbó; ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Àkúrẹ́ rèé; ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ bí lóṣù kan náà rèé, tí èèpo obì já sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ títí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Kò ṣeré mọ́. Lẹ́yìn náà ló dúró níwájú ọ̀kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì tẹ̀, tí igi tíìkì ńlá kan tí ọlọ́gbà gbìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bò mọ́lẹ̀. Ewé rẹ̀ ò pọ̀. Kò sí ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀ ju koríko lọ.

"Tèmi rèé," ó ní.

Ó ń wò mí. Àwọn ọmọléèwé náà ń wò mí.

Mo ní, "Ṣé èyí náà ni gbogbo wàhálà yìí? Igi tí kò so, òun lẹ ń tìtorí ẹ̀ ní kí àlejò sanwó! Tó bá jẹ́ nílé tiwa ni, a ti fi dáná tipẹ́."

Àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn pàtẹ́wọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo yíjú sí i kí n lè rí tirẹ̀.

Kò rẹ́rìn-ín. Ìbínú kò sì hàn lójú rẹ̀. Ó ń wò mí bí ó ṣe ń wo oníbàárà tó ń ṣàlàyé àìsàn fún un, tí kò tíì mọ ohun tó ń ṣe onítọ̀hún. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ pé bí wọ́n bá fi igi kan hàn ọ́ pé ìwọ́ obìnrin kan wà ní ìdí rẹ̀, kì í ṣe igi lo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Bí mo bá dúró níwájú gbogbo ìdílé wọn, tí mo pè é ní àgàn kó tó wọlé ọkọ, n kò lè sọ ọ́ kó ṣe kedere ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sì sí ẹni tó rán mi. Ẹ̀rín àwọn ọmọ tí mi ò mọ̀ rí, tí bísíkíìtì kún ẹnu wọn, ni mò ń wá.

Ó lóṣòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí tu koríko abẹ́ igi náà fúnra rẹ̀.

Mo ní, "Fi sílẹ̀, èmi ni mo ni iṣẹ́ yẹn."

Ó ń tu ú lọ. Mo lóṣòó, mo nawọ́, ó sún síwájú ibi tí mo nawọ́ sí. Ó tu gbogbo rẹ̀, ó kó o jọ, ó gbọn ọwọ́ nù. Àwọn ọmọléèwé ti lọ. Bàtà mi funfun kò tilẹ̀ dọ̀tí.

"Àwàdà ni mò ń ṣe," ni mo wí.

"Ó ti tán," ó ní. "Ká máa lọ. Bàbá mi ń retí àlejò, mi ò lè jẹ́ kí wọ́n máa wo ọ̀nà lásán."

Ẹsẹ̀ la fi rìn dé ilé wọn. Òun ló ṣáájú. Bàbá rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ọsàn. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, ó fi àga hàn mí, ó nu ọ̀bẹ rẹ̀. Kò wò mí mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọmọ rẹ̀ ló wò.

"Ṣé ó rí i?"

Ó wolẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n tó láti mọ̀ pé ó ń wá bí òun ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní jẹ́ irọ́, tí ojú kò sì ní tì mí. Bí mo bá dákẹ́, bóyá ì bá rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Mi ò lè jókòó kó máa wá a fún mi.

"Bàbá," mo ní, "mo rí i. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, sà."

"Kí lo wí?"

Mo tún gbogbo rẹ̀ sọ. Níbi odò, ọ̀rọ̀ náà pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mo wá ibi tó ti pani lẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, mi ò rí i, mo sì ní láti sọ ọ́ tán.

"O ní ẹ ti fi dáná."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ẹ fi se kí ni?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Ó rọra mi orí. Ó bi ọmọ rẹ̀ pé, "O gbọ́ ọ nígbà tó sọ ọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"O sì tún mú un wá kí mi."

"Mo ti sọ fún yín pé a ń bọ̀ ni."

Bàbá bó ọsàn náà tán. Ó wá ní, "Èmi kọ́ ni mo ni igi, ọmọkùnrin. Ẹni tó ni ín ló máa dá ọ lóhùn." Ó pín ọsàn sí méjì, kò fún mi níbẹ̀. "Gbé omi wá fún àlejò."

Mo mu omi náà. Kò sí ohun tí kò dára nípa omi náà, ó tutù, ó mọ́. Bàbá bèèrè bí ọ̀nà Òṣogbo ṣe rí, mo ní ó dára díẹ̀. Ó ní kí n kí àwọn òbí mi. Bí ẹ bá rí wa, ẹ máa rò pé àlejò iyì ni mí.

Ọmọbìnrin náà ló sìn mí dé títì. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo tún sọ ọ̀rọ̀ àwàdà yẹn, bíi pé ó wúlò fún nǹkan.

"Látàárọ̀ lo ti ń ṣàwàdà," ó ní. "Mo bá ọ rẹ́rìn-ín. O fi ilé ìtọ̀ ṣàwàdà, o fi bàbá tó dì mọ́ ìrókò ṣàwàdà, mo rẹ́rìn-ín. Mo ń rò ó pé bí a bá dé ọ̀dọ̀ tèmi, wàá dákẹ́." Ó ń wo ọ̀nà bóyá ọkọ̀ ń bọ̀. "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mò ń sá fún, àwọn ń gbàdúrà, ó kéré tán."

"Mo gbọ́."

"Má pè mí. Má wá sí kẹ́mísì. Bí mo bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ọ sọ, mo mọ ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́."

Ọkọ̀ Iléṣà dé, mo wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo fi máa yíjú padà, ó ti ń rìn lọ sílé.

Ilé alájà kan ní Òkè-Baálẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ibẹ̀ ló sì mọ̀ pé òun ti lè rí mi. Iṣẹ́ ibẹ̀ ti tán báyìí. Onílé ti kó àga wọlé, wọ́n ti ta kọ́tìnì sí fèrèsé. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mò ń rí nǹkan wí. Mo ní igun kan kò gún. Mo ní táìlì kan ń dún gbọ̀ùngbọ̀ùn lábẹ́. Mo yọ ọ́, mo tún un lẹ̀, mi ò gba kọ́bọ̀. Ìyàwó onílé bi mí lánàá bóyá mo fẹ́ máa bá wọn gbé ni. Mo ní rárá, mà, ó ku díẹ̀. Ó pòṣé, ó wọlé lọ. Mo gbé irinṣẹ́ mi lọ sí ẹnu ọ̀nà ìta, níbi tí mo ti lè rí gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ láti títì, mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ táìlì kan tí kò ní àléébù kankan.